Ọjọ́ Márùn-ún ní Igbó Olórúkọméjì

Ẹ jókòó dáadáa. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ̀yin náà sì mọ̀. Ẹni tó bá ń fẹ́ ìtàn gígùn, kó lọ bá ọdẹ tí kò tíì pa ẹran. Èmi ti pa ẹfọ̀n mẹ́rin, mo ti pa àmọ̀tẹ́kùn kan, mo sì ti dúró níwájú erin tí mo fi ojú sọ fún un pé kó gba ibòmíràn lọ, ó sì lọ. N kò ní tún sọ ìyẹn mọ́. Ìrìn kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ lónìí, nítorí mo gbọ́ tí ẹ ń pe orúkọ Igbó Olórúkọméjì bí ẹni pé ẹ ti dé ibẹ̀ rí.

Abọ́dẹrìn ni àbúrò mi. Ìyá kan náà ló bí wa. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju tèmi lọ, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ ọjà kan ní Ìdí-Arère, ìlú wa, ó dìde láàárín àwa ọdẹ, ó ní òun ń lọ sí igbó náà láàárọ̀ yẹn, pé odò kan wà níbẹ̀ tí òdìkejì rẹ̀ kún fún ẹran tí kò gbọ́ ìró ìbọn rí. Ó ní kí wọ́n máa retí òun ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Ọjọ́ ọjà pé, kò dé. Òmíràn pé, kò dé. Nígbà tí ó di ìtàdógún, ìyá wa, Àwẹ̀ró, pè mí sí ẹ̀yìnkùlé. Kò sunkún. Ó ní, “Ọdẹ́níyì, àwọn ọdẹ ti ń fi àbúrò rẹ ṣe ìtàn. N kò bí ìtàn. Ọmọ ni mo bí.” Mo ní mo ti gbọ́. Mo mú ṣakabùlà mi, mo mú ọ̀bẹ, mo lọ. Ẹ má bi mí bí ọ̀nà ṣe rí. Ọ̀nà ni ọ̀nà.

Igbó náà kò jìnnà. Ẹni tó bá jáde ní kùtùkùtù á dé ibẹ̀ kí ìrì tó gbẹ. Àìjìnnà rẹ̀ ló kọ́kọ́ mú mi fura, nítorí ibi tó súnmọ́ ilé tí ẹnikẹ́ni kì í lọ, ìdí wà níbẹ̀. Ohun kejì tó mú mi fura ni àwọn igi. Igi kọ̀ọ̀kan ní àmì kan ní ìsàlẹ̀, ó sì ní àmì kan náà lókè téńté, bí ẹni pé ẹnìkan ṣí igi náà nísàlẹ̀ tó sì tì í lókè. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ pẹ̀lú, ní ìdí àti ní ṣónṣó. Ohun tí ẹnìkan bá ti kọ orúkọ sí lára, ẹnìkan ló ni ín. Mo rìn láàárín wọn láì fọwọ́ kan èyíkéyìí.

Odò náà fẹ̀, ó sì dákẹ́. Ní etí rẹ̀ ni àtíbàbà kan wà, àjà sì wà nínú àtíbàbà náà tí wọ́n to èèpo igi sí pẹ́kípẹ́kí. Lábẹ́ àjà náà ni ẹni kan jókòó sí tí ojú rẹ̀ dán bí ẹ̀yìn igbá. Kò sí ẹyinjú níbẹ̀. Orí ìka ọwọ́ rẹ̀ ni ẹyinjú rẹ̀ wà, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, wọ́n sì ń ṣẹ́jú lọ́kọ̀ọ̀kan. Afọwọ́ríran ni orúkọ rẹ̀, òun ló sọ fún mi. Ó na ọwọ́ òsì sí mi, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, “Ọkùnrin. Ìgbọ̀nwọ́ mẹ́rin ní gíga. Ojú méjì, òsì ń fura ju ọ̀tún lọ. Ṣé o ń kọjá ni?”

Mo kí i. Ẹni tí èèyàn bá máa yìnbọn lù, kó kọ́kọ́ kí i. Mo wá ibi tí ẹ̀yìn mi á ti kan igi, mo jókòó. Mo ní mo rò pé ọkọ̀ ni wọ́n fi ń kọjá odò. Ó ní kí n ju nǹkan sínú rẹ̀. Mo já ewé kan, mo jù ú sí i. Ewé náà rì bí òkúta. Mo ju ìyẹ́ ẹyẹ sí i. Ó rì. Ó ní èèpo igi nìkan ló ń léfòó lórí odò yẹn, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ kọjá, òun á kọ ọ́ sára èèpo. Ó ní òun á fi orúkọ ṣí i, òun á sì fi orúkọ kan náà tì í. Inú ọkùnrin ni òun á ti ṣí orí, inú orí ni òun á ti ṣí ojú. Òun á ti ojú kí òun tó ti orí, òun á ti orí kí òun tó ti ọkùnrin. Bí òun bá gbàgbé láti ti ẹyọ kan, ohun tó wà nínú rẹ̀ á dà sódò. Ní òdìkejì, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Atúnnimọ á ka èèpo náà, á sì fi amọ̀ mọ onítọ̀hún padà. Ó ní ohun tí òun kò bá kọ kò ní bá èèyàn dé ọ̀hún, àní ohun tó wà nínú èrò rẹ̀.

Mo bi í bóyá kò sí ohun tí kò lè kọ. Ó ní irú nǹkan mẹ́rin ni ọwọ́ òun mọ̀: iye, ọ̀rọ̀, àwọ̀, àti bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tó bá kọjá ìyẹn, àfi kí ẹni tó ni ín kọ́ òun bí òun á ṣe sọ ọ́ di ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn. Bí kò bá kọ́ òun, òun á kọ “ohun kan”, òun á kọ ibi tó wà, òun á sì lọ síwájú. Ó sọ èyí bí ẹni tí kò rí aburú nínú rẹ̀.

Mo ní, “Àbúrò mi ń kọ́? Abọ́dẹrìn, ará Ìdí-Arère. Eyín rẹ̀ kan ti kán.”

Ó na ọwọ́ sí àjà láì yíjú, ó fa èèpo kan yọ. “Òun nìyí. Ó lọ, ó sì padà. N kò ṣí i.”

“Kí ló dé?”

“Ó purọ́. Ẹni tí mo kọ sọ pé ọjọ́ márùn-ún ni òun á lò. Ẹni tó léfòó wá bá mi, ọjọ́ mẹ́rin ló lò. Ohun tí kò bá bá ara mu, n kì í ṣí i, n kì í sì í kà á lẹ́ẹ̀mejì. Bí àjà bá kún, mo máa ń fi wọ́n dáná.”

Mo gbé ojú sókè. Àjà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tán. Àyè kan ṣoṣo ló kù. Ó gba èèpo kan, ìyẹn ni pé ó gba ẹnìkan, èmi nìkan ni mo sì wà níbẹ̀. Mo fa ìbọn mi súnmọ́ra. Mo rò ó pé bóyá ohun tó ń ṣe nìyẹn láti ìgbà pípẹ́: á fi àbúrò kan pe ẹ̀gbọ́n, á sì fi ẹ̀gbọ́n dí àyè. Pàkúté tó dára jù kì í ní ìjẹ mìíràn ju ẹni tí a fẹ́ràn lọ.

Ṣùgbọ́n ọdẹ tó bá yìnbọn kó tó mọ ohun tó rí, ẹran ilé ló máa ń pa. Mo ní kí ó fi bó ṣe ń ka ọjọ́ hàn mí. Ó gbé kèrègbè kékeré kan jáde, ti Abọ́dẹrìn. Ó ní bí oòrùn bá wọ̀, òun á ju òkúta kan sí i. Ọjọ́ tí èèyàn dé kò tíì jẹ́ nǹkan kan títí oòrùn rẹ̀ á fi wọ̀. Ó da kèrègbè náà. Òkúta mẹ́rin ló jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ẹ ka ọjọ́ ọjà wa láti òní fún mi. Ẹ rí i? Ẹ ti ka òní mọ́ ọn. Gbogbo yín. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá yín ṣe ń kà á, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń ka ọjọ́ ìkómọ. Òní ni ọ̀kan, ọ̀la ni èjì, ọjọ́ ọjà sì bọ́ sórí ìka karùn-ún. Àmọ́ oòrùn mẹ́rin péré ló wọ̀ láàárín. Mo wo òkúta mẹ́rin, mo wo ìka mi márùn-ún. Abọ́dẹrìn kò purọ́. Ẹ̀dá olójú-níka yìí náà kò purọ́. Ìyẹn ló burú jù, nítorí òpùrọ́ ṣeé nà.

Mo ṣàlàyé fún un. Ó gbọ́ mi dáadáa. Ó ní ó yé òun, ṣùgbọ́n òun kò lè fi òye òun ṣí ohun tí òun fi ọwọ́ òun tì. Ọ̀nà kan ló wà. Ẹni tó bá fẹ́ kí òun gba irú ìkà ọjọ́ bẹ́ẹ̀ gbọdọ̀ ṣe atúmọ̀ rẹ̀. Á gé òfin rẹ̀ sára igi, á fi àmì ara rẹ̀ ṣí i, á fi tì í, onítọ̀hún fúnra rẹ̀ á sì kọjá lọ sí ọ̀hún, á padà ní ọjọ́ tó bá dá. Bí òfin náà bá mú un padà ní pípé, òun á fi tún èèpo gbogbo ará ìlú rẹ̀ kà. Bí kò bá mú un padà, àyè kan ṣì wà lórí àjà.

Mo ronú. N kò fẹ́ràn ọ̀nà kan. Ẹran tó bá rí ọ̀nà kan ṣoṣo nínú igbó, ọdẹ ló la á sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n mo rántí pé ìyá wa kò sunkún.

Ó fún mi ní èèpo kékeré kan. Mo fa ọ̀bẹ yọ, mo gé àmì mi, èyí tí mo máa ń gé sára igi nínú oko ọdẹ: ìlà méjì tó gba orí ara wọn kọjá. Mo ní kí ó fi àwọn àmì tirẹ̀ kọ ọ́ pé, “Bí ará Ìdí-Arère bá pe iye ọjọ́, yọ ọ̀kan kí o tó kọ ọ́.” Ó kọ ọ́. Mo fẹ́ gé àmì ìtì. Ó dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín nípa ìdákẹ́jẹ́. Bí igbó bá ń pariwo, máa lọ. Bí ó bá dákẹ́ lójijì, dúró. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ẹ̀dá yìí ni kò ṣẹ́jú mọ́. Gbogbo wọn ń wo ọ̀bẹ mi. Mo gbé ọ̀bẹ náà kúrò lára èèpo. Mo ní, “Kí ni ohun tí o kò bi mí?”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, “Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó béèrè bẹ́ẹ̀.” Ó tọ́ka sí èèpo mẹ́ta lórí àjà. Ó ní atúmọ̀ ni àwọn náà, láti ìlú mìíràn, lórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Wọ́n kọ́ òun bí òun á ṣe kọ nǹkan wọn sílẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń kà á padà.

Ìgbà náà ló yé mi. Òun á kọ mẹ́rin. Atúnnimọ á kà á sí mi létí pé mẹ́rin. Èmi tí amọ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ wà létí mi, tí n kò ní rántí ohun tí a jọ sọ, màá ka òní mọ́ mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí ará ilé wa, oòrùn mẹ́ta ló sì máa wọ̀ kí n tó padà. Màá tún dín. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ fún mi. Ó ní, “Ọwọ́ ni mí. Ohun tí wọ́n bá fi lé mi lọ́wọ́ ni mo mọ̀.” N kò mọ̀ títí di òní bóyá òtítọ́ ni. Mo ní kí ó fi kún un pé, “Bí o bá kà á padà fún un, fi ọ̀kan kún un.” Ó kọ ìyẹn pẹ̀lú. Nígbà náà ni mo gé àmì ìtì.

Láti ìgbà yẹn títí oòrùn fi dé àtàrí ló fi kọ mí. Ó bi mí ní orúkọ bàbá mi, ó bi mí ní iye ẹran tí mo ti pa, ó bi mí bóyá mo bẹ̀rù. Mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó kọ ọ́ láì jiyàn. Nígbà tí ó bi mí ní iye ọjọ́, mo ní márùn-ún. Ó wo òfin, ó sì kọ mẹ́rin. Nígbà tí ó dé orí ìbọn mi, ó dúró, ó fọwọ́ kàn án níbí, ó fọwọ́ kàn án lọ́hùn-ún. Ó ti pẹ́ jù fún mi láti kọ́ ọ ní ìbọn. Ó kọ “ohun kan, èjìká òsì”. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí, láti inú bọ́ síta. Ohun ìkẹyìn tí mo rí ni ìka kan tó ń ṣẹ́jú.

Amọ̀ ló wà lẹ́nu mi nígbà tí mo tún mọ ara mi. Obìnrin kan tí apá rẹ̀ gùn bí imọ̀ ọ̀pẹ ló bẹ̀rẹ̀ lórí mi, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ imú mi. Ó ní imú yìí ti tóbi jù, ṣé kí òun dín in kù? Mo ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn ọdẹ kì í gbọ́ ìmọ̀ràn. Ó fẹnu kan etí mi, ó ní, “Ọjọ́ márùn-ún ni tìrẹ. Dìde.”

Mo dìde. Mo fọwọ́ kan èjìká òsì. Amọ̀ ni mo bá, òkìtì amọ̀ kan tó tó orí ọmọ, tí ó lẹ̀ mọ́ mi. Ìbọn mi nìyẹn. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Ẹran ibẹ̀ pọ̀ gẹ́gẹ́ bí Abọ́dẹrìn ti wí. Ìgalà wá wò mí lójú, ẹtu kan sì wá lá amọ̀ èjìká mi nítorí iyọ̀. Ọdẹ tó ti pa ẹfọ̀n mẹ́rin ni ẹtu ń lá.

Ohun tó bà mí lẹ́rù kọ́ nìyẹn. Èèpo mi wà lára ògiri Atúnnimọ. Èmi kò mọ̀wé wọn, ṣùgbọ́n ìlà ìkà kì í ṣòro. Mo rí ibi tí wọ́n ti fa ìlà fún ọjọ́. Mẹ́rin ni. Obìnrin náà sì sọ márùn-ún sí mi létí. Ẹ rántí pé ọ̀rọ̀ tí mo bá Afọwọ́ríran sọ láàárọ̀ yẹn kò sí nínú ohun tí mo ní kó kọ. Mo ti sọ ọ́ nù. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí, òun ló tún un sọ fún mi nígbà tí mo padà, kò sì sí ẹlẹ́rìí. Lójú mi nígbà náà, obìnrin kan ń pa irọ́ ọjọ́ kan mọ́ mi, ó sì fẹ́ kí n pẹ́ jù.

N kò jẹ oúnjẹ rẹ̀. N kò sùn sínú ilé rẹ̀. Mo pinnu pé mẹ́rin ni màá kà. Ní ọjọ́ kẹrin mo ti ń lọ sí etí odò kí n tó ronú pé òpùrọ́ kì í fi ohun tó máa tú u fó kọ́ sára ògiri. Mo padà. Mo wo ògiri náà dáadáa. Èèpo kékeré kan so mọ́ èèpo mi. Mo rí àmì kan ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti ní ìparí rẹ̀: ìlà méjì tó gba orí ara wọn kọjá. Ẹnikẹ́ni lè jí àmì. Mo tẹ̀ síwájú, mo wo bí ọ̀bẹ ṣe wọlé. Ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Ibi tí ọ̀bẹ ọlọ́wọ́ òsì bá ti wọ igi, ó máa ń jìn ní apá ọ̀tún. Ó jìn ní apá ọ̀tún.

Mo bi obìnrin náà ní ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ní, “Ìwọ lo gé e, o wá ń bi mí?” Ó kà á fún mi, pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀: yọ ọ̀kan nígbà tí o bá ń kọ, fi ọ̀kan kún un nígbà tí o bá ń kà. Ó ní gbogbo ọkùnrin ló gbà pé ìkà tòun ló tọ́, ṣùgbọ́n èmi ni òun kọ́kọ́ rí tó ń bá ìkà ara rẹ̀ jà. Nínú gbogbo ẹni tó wà ní Igbó Olórúkọméjì, ẹnìkan ṣoṣo ni mo lè gbà gbọ́, òun náà sì ni mo ti gbàgbé. Mo gbà á gbọ́. Mo dúró.

Ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún ó ní amọ̀ mi kò tíì gbẹ, kí n fara balẹ̀ di ọ̀la. Mo tẹ èékánná mọ́ apá mi. Ó ti gbẹ. Mo ní kó kọ mí. Ó bú mi, ó sì kọ mí.

Ní ìhà tiwa, iyanrìn etí odò ni Afọwọ́ríran fi ń ṣiṣẹ́. Ó da kèrègbè mi: òkúta mẹ́rin. Ó wo èèpo mi: mẹ́rin. Ó fi ìka ka orúkọ ìṣí, iyanrìn dìde. Nígbà tó dé orúkọ ìtì, mo ti dúró. Kò kí mi kú àbọ̀. Ó gbé èèpo Abọ́dẹrìn sọ̀kalẹ̀, ó fi òfin mi tó so mọ́ èèpo mi wé e, ó ha márùn-ún kúrò, ó kọ mẹ́rin. Ó kà á. Àbúrò mi dìde nínú iyanrìn, eyín kan kán lẹ́nu rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Àwọn èèpo yòókù ṣì wà lórí àjà. N kò mọ ọ̀ràn tiwọn.

A ń lọ sílé. Ó sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò mí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà kọjá?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní kí n má bínú, kí ni bàbá wa fi nà wá nínú oko àgbàdo lọ́jọ́sí? Mo sọ fún un. Mo bi òun náà ní orúkọ ajá tí mo sin láì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ àfi òun. Ó sọ ọ́. Ìdáhùn méjèèjì tọ́, kò sì tu ẹnikẹ́ni nínú wa nínú, nítorí ohun tí ẹnu bá lè sọ, ọwọ́ lè kọ ọ́, amọ̀ sì lè sọ ọ́. Mo ń wò ó bí ó ṣe ń gbé ẹsẹ̀. Ó ń wò mí bí mo ṣe ń mí. Ẹnìkan kò fẹ́ rìn níwájú ẹnìkejì, nítorí náà a rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wa nínú ọ̀nà tí kò gba ju ẹnìkan lọ, ẹ̀gún sì ya wá ní apá.

Ìyá wa jókòó sí ẹ̀yìnkùlé. A dúró níwájú rẹ̀, a sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan iyèméjì wa, nítorí kò yẹ kí a fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún ẹni tó bíni. Abọ́dẹrìn ló sọ èyí tó pọ̀ jù. Ìyá wa tẹ́tí sí i dópin. Ó na ọwọ́, ó fi kan orí tèmi, ó fi kan orí tirẹ̀, ó sì gbọn iyanrìn dànù.

Ó ní, “Omi ti tán nílé láti àná. Èyí tó bá jẹ́ tèmi nínú yín, kó lọ pọnmi wá.”

Agbè kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀. Àwa méjèèjì la di ọrùn rẹ̀ mú.